Ọkọ̀ wa ń gbórí sókè, kò gbéra: ṣé ẹ́ńjìnnì ni àbí pùròpélà?

Ọmọ_Ìsọkùn
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la dáwó ra ọkọ̀ ojú omi kan lọ́dún tó kọjá. Fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún, tòkunbọ̀. Iléṣà là ń gbé, ṣùgbọ́n Igbókòdá la gbé ọkọ̀ sí, torí kò sí omi tó gbà á nítòsí wa. Ìparí oṣù la máa ń lọ: a ó gba Ifẹ̀, a ó gba Òǹdó, a ó já sí Okìtìpupa, a dé. Ìgbafẹ́ lásán ni o, a kì í kó èrò.

Yamaha 40 (agbára ẹṣin 40) ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi àti ẹnì kan la wà nínú rẹ̀, ó ń sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n tí a bá ti pé márùn-ún, pẹ̀lú kúlà àti kẹ́ẹ̀gì epo, wàhálà dé. Iwájú ọkọ̀ á nà sókè bí ẹṣin tó fẹ́ já ẹni tó gùn ún sílẹ̀, ìdí rẹ̀ á rì, ẹ́ńjìnnì á máa kérora bí ẹni tó ru ẹrù tó jù ú lọ. Kò ní gbéra kó sá lórí omi rárá. Mẹkáníìkì tó wà létí omi ní ẹ́ńjìnnì ò lágbára mọ́, ká lọ ra 60. Ẹ bá mi wo owó tó pè, ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu mi. Ẹlòmíràn ní pùròpélà, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú omi tó ń ti ọkọ̀ lọ, ni ká pààrọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára èyí tí a ń lò ni 11⅛ × 13-G. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Èwo ni ká rà?

Ìlàjẹ_ní_Ifẹ̀
Àbúrò, ẹ kú ìnáwó. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ifẹ̀, orí omi ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má ra ẹ́ńjìnnì kankan o.

11⅛ yẹn ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínǹṣì, ìyẹn fífẹ̀ òbìrí tí ṣónṣó bíléèdì ń fà tó bá ń yí. 13 ni pitch. Ẹ fi ojú sìkúrúù wò ó. Ká ní igi ni pùròpélà ń wọ̀, kì í ṣe omi, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ínǹṣì 13 ni ì bá fi rìn síwájú. Omi kì í ṣe igi, ó máa ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í rìn tó bẹ́ẹ̀. Ní ti G, ẹ má fojú kékeré wò ó. Òun ló ń sọ bóyá ihò àárín rẹ̀ bá ẹ́ńjìnnì yín mu. Ẹ ra èyí tí lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀, ẹ ó gbé e láti Èkó dé Igbókòdá, kò ní wọlé.

13 ga jù fún èèyàn márùn-ún. Ẹni tó ń lo ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ ń dá nìkan sáré ni.

Ọlọ́kadà_Àtàkúmọ̀sà
Èmi ò mọ omi, mi ò tiẹ̀ lè lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá ń sọ yé mi. Ó dà bí ìgbà téèyàn gbé èrò méjì àti àpò ìrẹsì sẹ́yìn, tó wá ní gíà kẹrin lòun ó fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Máṣíìnì ò ṣàìsàn, gíà ló ga.

Ìlàjẹ_ní_Ifẹ̀
Ọ̀rọ̀ tán.

Tíṣà_Mayfair
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò tíì tán. A ò tíì mọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan tí wọ́n bá tẹná mọ́ ọn tán. RPM yẹn ni yóò yan pùròpélà, kì í ṣe ojú wa.

Ọmọ Ìsọkùn, ẹ wo ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Wọ́n á kọ ibi tí RPM gbọ́dọ̀ wà tẹ́ ẹ bá tẹná tán. Bí kò bá dé ibẹ̀, pitch ga jù, ẹ́ńjìnnì ń ru ohun tó jù ú lọ. Pọ́lọ́ọ̀gì á máa dúdú, èédú á dì sórí pisítìnnì, ara rẹ̀ á gbóná, epo á sì máa lọ láìríbi tó lọ. Bó bá kọjá ibẹ̀, pitch kéré jù, ẹ́ńjìnnì ń sáré kọjá bí wọ́n ṣe ṣe é, bẹ́ríǹgì ni yóò san gbèsè rẹ̀. Èyí kejì léwu ju èkíní lọ lójú tèmi, torí ariwo rẹ̀ máa ń dùn létí ọmọkùnrin.

Tẹ́ ẹ bá dín pitch kù ní ínǹṣì kan, RPM á fi nǹkan bí 150 sí 200 gòkè. Tẹ́ ẹ bá fi ínǹṣì kan kún un, á fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní "òun lèmi ń lò, ó dáa." Ọkọ̀ tirẹ̀ kọ́ lẹ wọ̀.

Ọmọ_Ìsọkùn
Ẹ ṣé, sà. 4,500 sí 5,500 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ wa ò ní aago RPM. Ihò rẹ̀ wà níwájú, aago ti lọ.

Ìlàjẹ_ní_Ifẹ̀
Etí là ń fi gbọ́ ọ nígbà tiwa.

Tíṣà_Mayfair
Etí náà ló gbọ́ "ẹ́ńjìnnì ò lágbára mọ́" yẹn o, ẹ̀gbọ́n mi.

Bọ̀dá_Wáyà
😂 Ẹ fi bàbá sílẹ̀. Aago kékeré kan wà, wáyà kan ṣoṣo ló ní, ẹ ó wé e mọ́ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, ó ti tán. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà jẹnẹrétọ̀ ń tà á. Ẹ rí i pé ẹ tò ó sí irú ẹ́ńjìnnì yín kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, torí tí ẹ bá tò ó sí ti ẹ́ńjìnnì tí kì í po ọ́ìlì, ó lè sọ 4,000 di 8,000 tàbí kó sọ ọ́ di 2,000. Ẹnì kan ni kó di ọkọ̀ mú, kí ẹlòmíràn máa ka aago. Fóònù yín ló máa sọ eré tẹ́ ẹ ń sá.

Ìyá_Ìbejì_Lágẹrẹ́
Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ yẹ rọ́bà àárín pùròpélà wò.

Ọkọ mi ní ọkọ̀ nígbà tí a wà l'Épẹ̀ẹ́. Ọdún kan ó di pé tó bá tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á ké rara, ọkọ̀ ò ní lọ síbì kankan. Ó tú kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Ó bá mẹkáníìkì jà débi pé wọn ò kí ara wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, rọ́bà ni o! Láàárín irin tó wọ ọ̀pá àti irin tó gbé bíléèdì, rọ́bà ló wà níbẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí bíléèdì bá gbá igi, rọ́bà ni yóò yọ̀ dípò kí gíà fọ́. Tó bá ti yọ̀ tó sì jóná, kò ní lè di nǹkan kan mú mọ́.

Èmi ni mo rí i. Mo mú kútẹ́ẹ̀sì pupa mi, mo fa ìlà kan láti irin inú, ó gba orí rọ́bà kọjá dé irin òde. A jáde, a sáré, a dé. Ìlà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ìdajì kan wà níbí, ìdajì kejì wà lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ pé kútẹ́ẹ̀sì ń jẹ owó mọ́.

Tíṣà_Mayfair
Ẹ ṣé, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyàtọ̀ rẹ̀ sọ́kàn: rọ́bà tó yọ̀, RPM á ròkè, ọkọ̀ ò ní rìn. Pitch tó ga, RPM ò ní ròkè rárá.

Ọmọ_Ifẹ̀_Gidi
Ìbéèrè kan, ẹ má bú mi. Ifẹ̀ la ti ń rọ idẹ láyé àtijọ́. Àwọn tó ń rọ ìkòkò alumíníọ̀mù wà nílẹ̀ títí dòní. Ṣé wọn ò lè rọ pùròpélà 10 tàbí 11 fún wọn, kí owó má jáde nílùú?

Pánẹ́ẹ̀lì_Iléṣà
Orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọnijẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1938, ó dúró jẹ́ẹ́ síbi tí wọ́n gbé e sí, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́. Pùròpélà yìí ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí bíléèdì kan bá fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀pá á máa jẹ bẹ́ríǹgì.

Mo ti dán irú ẹ̀ wò rí, ìyẹn ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi tí bíléèdì rẹ̀ ti tẹ̀. Mo ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò lèmi ń lù. Mo fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà ní tútù. Ó padà, ó dára lójú, mo gbowó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, bíléèdì já sínú omi. Mo dá owó padà pẹ̀lú ìtìjú. Tí ẹnu rẹ̀ bá kàn ha díẹ̀ níbi tó ti gbá òkúta, ẹ fi fáìlì dán an. Tó bá ti tẹ̀ tàbí tó sán, àfi ẹni tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn pitch, àbí kẹ́ ẹ ra tuntun.

Ọmọ_Ìsọkùn
A ti dé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ó pẹ́, òjò ló dí wa.

Bàbá Ìlàjẹ pè mí lórí fóònù ká tó lọ, wọ́n ní ká kọ́kọ́ yọ ìdérí ihò omi ìdí ọkọ̀ nígbà tó bá wà lórí ilẹ̀. Omi tó jáde lábẹ́ pákó tí à ń tẹ̀ tó kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta! Látìgbà tí a ti ra ọkọ̀ yìí la ti ń gbé ẹnìkan tí kì í dáwó epo kiri. A yẹ okùn tó ń fa iná ẹ́ńjìnnì wò, ó ń ṣí tán. A fa ìlà kútẹ́ẹ̀sì (ìyàwó mi ò tíì mọ̀), ìlà ò pín.

Ohun tí a wọ̀n nìyí, 13 yẹn ló ṣì wà níbẹ̀:
èèyàn méjì: RPM 4,600, kìlómítà 39 ní wákàtí kan
èèyàn márùn-ún, kúlà, epo: RPM 3,900, kìlómítà 27

Tíṣà_Mayfair
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Gíà ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ méjì sí ọ̀kan: ẹ́ńjìnnì á yí lẹ́ẹ̀mejì kí pùròpélà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà 3,900 di 1,950. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 13, ínǹṣì 25,350 ni ní ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá sọ ìyẹn di ìlọ́po 0.001524, ẹ ó rí i bíi kìlómítà ní wákàtí: 38.6. Fóònù yín ní 27. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yọ̀ dànù. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ìṣirò á fún yín ní 45.6, ẹ sì sá 39, ìyẹn ìdá 14. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ti gbéra dáadáa, láàárín 10 sí 20 ni yíyọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ rí i pé nígbà tẹ́ ẹ bá pé márùn-ún, ọkọ̀ yẹn ò gbéra rárá, omi ló kàn ń tì síwájú.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ wá 11⅝ × 11-G.

Ìlàjẹ_ní_Ifẹ̀
Tíṣà, ẹ ṣírò tán, ẹ wá gbàgbé ìdáhùn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ínǹṣì kan, RPM 150 sí 200. Ẹ fi RPM ti ínǹṣì méjì kún 3,900, ó di mélòó? 4,300 ló pọ̀ jù. Ìwé ń sọ 4,500. 10 ni kí wọ́n lọ rà, 11¾ × 10-G. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé 4,500 géérégé ló kọ́kọ́ dé, tí ìdí ọkọ̀ bá ti jáde nínú omi, ẹrù á fúyẹ́, RPM á gòkè sí i. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, ó di nǹkan bí 5,200, kò kọjá 5,500. Ó bá ìhà méjèèjì mu.

Ẹ tún wo fífẹ̀ rẹ̀: bí pitch ṣe ń kéré sí i ni fífẹ̀ ń pọ̀ sí i, 11⅛ di 11⅝, ó di 11¾. Ìyẹn ni pé ó ń gba omi púpọ̀ mú. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà_Mayfair
Ẹ gbé mi ṣubú lórí pátákó tèmi. Òótọ́ ni. Èèyàn méjì ni mo fi ṣírò. Tí wọ́n bá rí ẹni yá wọn ní 11, kí wọ́n fi wò ó kí wọ́n tó rà, ṣùgbọ́n 10 ni mo rò pé yóò jẹ́.

Ọmọ_Ìsọkùn
Bíléèdì mẹ́rin ńkọ́? Ẹnì kan tún ní síténlẹ́ẹ̀sì ló dáa jù, pé kò ní tẹ̀ láéláé.

Ìlàjẹ_ní_Ifẹ̀
Oníbíléèdì mẹ́rin máa ń yára gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù, kì í gbọ̀n, ó sì máa ń di omi mú níbi ìgbì. Eré àsápa ló fi ń dín díẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí pitch yín ná.

Síténlẹ́ẹ̀sì: rárá. Tínrín ni, ó le, eré rẹ̀ dùn, mo gbà. Àmọ́ omi tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, igi wà lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀n wà níbẹ̀, ewé omi ń bò ó. Tí alumíníọ̀mù bá gbá igi, bíléèdì á tẹ̀. Ẹ sunkún owó bíléèdì kan. Tí síténlẹ́ẹ̀sì bá gbá a tí rọ́bà ò sì yọ̀ lásìkò, inú gíà ni ìyà náà ń lọ. Ẹ tún wá béèrè owó gíà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó ní kẹ́ ẹ ra 60.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú pùròpélà kejì, nọ́ọ̀tì rẹ̀, pín-ìn kékeré tó ń dè é, àti sípánà rẹ̀ dání. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ni wọ́n ti ń múná roko. Láàárín omi, kò sẹ́ni tó máa yá yín níná. Kí olúkúlùkù sì wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ́rùn, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀pá
Ẹ jọ̀ọ́, tí nọ́ńbà bá ti parẹ́ lára rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí mo rí, wọ́n ti kùn ún ní dúdú bo gbogbo rẹ̀.

Tíṣà_Mayfair
Gbé e lé tábìlì, kí ihò rẹ̀ dojú kọ òkè. Fi kọ́ńpáàsì fa òbìrí kan yí àárín rẹ̀ ká lórí bíléèdì, kó má sún mọ́ àárín jù, kó má sì dé etí. Wọn bí etí kan bíléèdì náà ṣe ga tó láti tábìlì níbi tí ìlà ti kàn án, wọn etí kejì, kó o wá yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Wo iye dígírì tó wà láàárín etí méjèèjì. Bó bá ga ní ínǹṣì 2 láàárín dígírì 60, dígírì 360 jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn, pitch rẹ̀ jẹ́ 12. Wọn bíléèdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọn ò bá dọ́gba, má rà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó.

Bọ̀dá_Wáyà
Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fa okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì yọ, kí gíà wà láàárín, kó má wọ iwájú, kó má wọ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì. Mo mọ ẹni tó fi ọwọ́ yí bíléèdì tí ẹ́ńjìnnì gbaná. Ìka rẹ̀ méjì ò sí mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Lágẹrẹ́
Ẹ fi gíríìsì omi pa ọ̀pá kẹ́ ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó fi òòlù bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Ẹ wẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, tí okùn ìpẹja bá ti wé mọ́ ọ̀pá, ó máa ń gé rọ́bà tó ń dí omi. Tí ọ́ìlì gíà yín bá ti funfun bí wàrà, omi ti wọlé nìyẹn.

Ọmọ_Ìsọkùn
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Àbọ̀ mi nìyí.

Ọkùnrin kan létí omi yá wa ní 11. Èèyàn márùn-ún: RPM 4,350, kìlómítà 30. Ó ti gbéra, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbéra, kò sì dé 4,500, bí bàbá ṣe wí gẹ́lẹ́. A ra 10, alumíníọ̀mù, tuntun. Èèyàn márùn-ún, kúlà, epo: RPM 4,700, kìlómítà 30. Ó gbéra kí n tó parí gbólóhùn tí mo ń sọ. Eré kan náà pẹ̀lú 11 ni, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń mí. Èèyàn méjì: 5,350, kìlómítà 35. A tún gbé kúlà kúrò ní ìdí ọkọ̀ lọ síwájú, ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì tó ní ká ra 60 wò wá títí, ó ní ọkọ̀ náà "ti sinmi tó ni."

Ìjà kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀kan nínú wa mẹ́rin, ẹni tó fẹ́ràn àtimáa dá sáré, ní a ti jí kìlómítà mẹ́rin òun: 39 di 35. Ó ní ká dá 13 padà.

Ìlàjẹ_ní_Ifẹ̀
Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ tó bá fẹ́ sáré 39, kó dá wá, kó dá epo rà, kó gbé 13 rẹ̀ dání.

Pánẹ́ẹ̀lì_Iléṣà
13 yẹn ńkọ́? Ẹ ń tà á? Mo mọ ẹni tó ń wá a.

Ọmọ_Ìsọkùn
A ò tà á, ẹ̀gbọ́n. Ó wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti sípánà rẹ̀. Bí 10 bá gbá igi, a ó rọra fi í dé èbúté. Ilé la ti ń múná roko.